Ohun Tó Ṣẹ́kù Lẹ́yìn Ariwo

Ìyàwó àbúrò mi kì í jókòó sọ́dọ̀ àwọn obìnrin mọ́ nínú ilé àdúrà. Ẹ̀gbẹ́ sípíkà ló ń gbé àga rẹ̀ sí, á kẹ̀yìn sí pẹpẹ, á fi etí ọ̀tún ti aṣọ dúdú tó bo ojú sípíkà náà. Bí gbogbo ènìyàn bá kúnlẹ̀, òun kò ní kúnlẹ̀. Oyún oṣù méje ló wà nínú rẹ̀, nítorí náà kò sí ẹni tó bá a wí. Wọ́n rò pé ẹsẹ̀ ló ń dùn ún. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀, nítorí ohun tó ń gbọ́ níbẹ̀, èmi náà ń gbọ́ ọ.

Mabel ni orúkọ rẹ̀. Àbúrò mi tó fẹ́ ẹ ni Godwin, ẹni tí omi gbé lọ ní oṣù márùn-ún ṣáájú, tí a wá títí tí a kò rí. Èmi ni Ọlárìndé, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Happiness nítorí àkọ́bí mi obìnrin. Ní Ugbónla níbí, èmi ni mo ń tún rédíò ṣe, àti fóònù, àti ohunkóhun tó bá ní wáyà nínú. Iṣẹ́ tí kì í tán ni. Afẹ́fẹ́ iyọ̀ ibí kì í jẹ́ kí irin sinmi. Mo lè tún rédíò ènìyàn ṣe lónìí, kó tún gbé e padà wá kí oṣù tó parí, kó wá dúró níwájú mi bí ẹni pé èmi ni mo bu iyọ̀ sí i. Ọdún mẹ́tàlélógún nìyí. Ó ti sú mi, ṣùgbọ́n mi ò mọ iṣẹ́ mìíràn.

Nínú gbogbo rẹ̀, sípíkà gìtá ni iyọ̀ fẹ́ràn jù. Mẹ́ta ló jẹ fún ilé àdúrà wa láàárín ọdún mẹ́rin. Godwin ló ń ta gìtá fún wa. Nígbà tí ẹ̀kẹta kú, mo kan àpótí kékeré kan fún un, kò ju Bíbélì ńlá lọ. Kò sí sípíkà kankan nínú rẹ̀. Àwọn ẹ̀yà wẹ́wẹ́ ló wà níbẹ̀, tí ń mú kí ohùn gìtá dà bí èyí tó gba inú sípíkà onígi jáde. Ohùn gìtá á wọ inú àpótí náà, àpótí á fi wáyà gbé e lọ sọ́dọ̀ míksà, ẹ̀rọ tí ń po gbogbo ohùn pọ̀, láti ibẹ̀ ló ti máa bọ́ sínú sípíkà ńlá tí gbogbo ìjọ ń gbọ́, èyí tí a gbé lé orí àga tí a sì ń fi ọ̀rá bò lẹ́yìn ìsìn. Ọjọ́ tí Godwin kọ́kọ́ ta á, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ ti tan gbogbo ìjọ jẹ." Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Mi ò rántí ìgbà tí inú mi tún dùn bẹ́ẹ̀ mọ́.

Àléébù kan ṣoṣo ló ní. Jẹnẹrétọ̀ wa kì í gbé orí pákó ilé àdúrà. Inú ọkọ̀ kékeré kan tí a so mọ́ òpó ló ń wà, kí ariwo àti èéfín rẹ̀ má bàa da ìwàásù rú. Wáyà tó ti ọ̀dọ̀ gìtá lọ sọ́dọ̀ míksà gùn, ó gba abẹ́ pákó, ó kọjá lókè ọkọ̀ yẹn gan-an. Bó ṣe ń lọ ló ń he ariwo. Hùùù ni, láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn dé òpin.

Lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ohun tí oníṣẹ́ máa ń ṣe ni pé á ri irin mọ́lẹ̀, á so wáyà kan láti ara àpótí mọ́ irin náà, kí ariwo rí ibi sá lọ. Níbo ni mo ti fẹ́ rí ilẹ̀? Orí òpó ni gbogbo ilé wa wà. Mo so wáyà náà mọ́ irin kan, mo sọ irin náà sínú omi lábẹ́ ilé àdúrà. Bí gbogbo àwa oníṣẹ́ etíkun ṣe ń ṣe é nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò sì bi wá rí. Ariwo náà rọlẹ̀ díẹ̀. Mo rò pé omi lásán ni mo so àpótí mi mọ́.

Ìwòsàn gidi wà, mo sì ṣàlàyé rẹ̀ fún Godwin. Mo ní dípò wáyà kan, méjì ni a ó lò. Ohùn kan náà ni a ó gbé sínú méjèèjì, ṣùgbọ́n a ó dojú ti ìkejì dé. Ariwo ojú ọ̀nà á wọ inú méjèèjì lọ́nà kan náà, nítorí pé ariwo kò mọ èyí tó dojú dé. Tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ míksà, a ó tún da ti ìkejì padà sí ojú rẹ̀, a ó pa wọ́n pọ̀. Ohùn á bá ohùn mu. Ariwo á dojú kọ ariwo, wọ́n á sì pa ara wọn rẹ́.

"Àbí bí ẹlẹ́rìí méjì ni," Godwin wí. "Ohun tí ẹnu wọn bá ti kò lórí rẹ̀, òun ni òótọ́."

Mo ní ó jọ bẹ́ẹ̀.

Tiransífọ́mà kékeré kan tí yóò pín ohùn sínú wáyà méjì ló kù kí n tó lè ṣe é, ohun tí kò ju èkùrọ́ méjì lọ. Mo ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Èkó. Ọjọ́bọ̀ kan ló dé Igbókòdá, èbúté tí a ti ń wọkọ̀ ojú omi wá sọ́dọ̀ wa. Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà, Godwin bá mi lọ gbà á. Ọkọ̀ tó wọ̀ padà máa ń gbé ènìyàn mẹ́wàá. Lọ́jọ́ náà, àwọn méjì péré ló wà nínú rẹ̀, òun àti Báyọ̀ tó wa ọkọ̀. Ọkọ̀ náà dojú dé níbi tí odò ti fẹ̀, tí ìgbì òkun ti ń wọlé. A rí òkú Báyọ̀ lọ́jọ́ kejì.

Lọ́jọ́ kẹta, èmi nìkan nínú ọkọ̀ mi, mo rí báàgì Godwin tó há sáàárín gbòǹgbò igi etí omi. Tiransífọ́mà náà wà nínú rẹ̀, nínú ọ̀rá mẹ́ta tó fi wé e, gbígbẹ ló gbẹ. Mo ju báàgì náà padà sómi. Mi ò ju tiransífọ́mà. Nígbà tí mo délé, Mabel bi mí pé kí ni ọkọ òun wá lọ sí Igbókòdá lọ́jọ́ tí omi ń ru bẹ́ẹ̀. Mo ní ó lọ ra okùn àwọ̀n. Irọ́ náà ti jáde kí n tó mọ̀ pé mo la ẹnu.

Mabel ló máa ń bá mi gbá ṣọ́ọ̀bù, kò sì síbi tí ìgbálẹ̀ rẹ̀ kì í dé. Nítorí náà inú àpótí kékeré tí mo kàn fún gìtá ni mo fi tiransífọ́mà náà pamọ́ sí, láìso ó mọ́ ohunkóhun. Èmi nìkan ni mo ń ṣí àpótí yẹn.

Odindi oṣù méjì ni a kò fi ta gìtá. Lẹ́yìn náà ni tíṣà kan tí wọ́n gbé wá sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa láti Ìlá, Dámilọ́lá ni orúkọ rẹ̀, ní òun mọ̀ ọ́n ta. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Ó ń bẹ̀rù omi débi pé bí ó bá ń rìn lórí pákó, ọ̀gangan àárín ló máa ń tẹ̀, a sì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ tó ta gìtá fún wa ni Mabel gbé àga rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ sípíkà.

Abẹ́ hùùù yẹn ni ohùn kan wà. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ nílé kejì ni. Ohùn ọkùnrin ni. Á sọ nǹkan, á dákẹ́, á dúró bí ẹni tí ń retí èsì, lẹ́yìn náà á tún sọ ọ́. Mi ò lè mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ bí Godwin ṣe máa ń fa ìparí ọ̀rọ̀ nígbà tó bá ń bi ènìyàn ní nǹkan. Èmi ni mo tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wa kú.

Mo bi Dámilọ́lá bóyá ó gbọ́ nǹkan kan.

"Ariwo jẹnẹrétọ̀ nìkan ni, sà," ó wí. Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Ṣùgbọ́n okùn gìtá yẹn máa ń tutù. Tí mo bá ta á tán, iyọ̀ máa ń wà ní orí ìka mi."

Mo ní afẹ́fẹ́ ibí ló fà á. Ó gbà mí gbọ́, nítorí pé àlejò ni.

Láti ìgbà náà ni Mabel kò ti jẹun dáadáa mọ́. Tí ìyàwó mi bá gbé oúnjẹ fún un, á ní òun á jẹ ẹ́ tó bá yá. Láàárín ọ̀sẹ̀, á lọ jókòó sínú ilé àdúrà lásán, nígbà tí kò sí iná, tí sípíkà kú, á máa dúró de ọjọ́ Àìkú. Ìyá rẹ̀, Àrìnpé, wá láti Molútẹ̀hìn. Obìnrin tó le ni, apẹja bí ọkùnrin, ṣùgbọ́n nígbà tó rí ọmọ rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

"Ọma mi, tẹ̀lé mi ká lọ sílé. Wá bímọ lọ́dọ̀ mi."

"Ìyé, mi ò lè lọ," Mabel dá a lóhùn pẹ̀lẹ́. "Godwin éè kú. Mo ń gbọ́ ọ."

"Níbo lo ti ń gbọ́ ọ?"

 Mabel wojú mi, èmi náà sì wo ilẹ̀.

Àrìnpé pè mí sẹ́yìn ilé. Ó ní nọ́ọ̀sì ti sọ fún òun pé ọmọ inú Mabel kò tóbi tó bó ṣe yẹ, pé bó bá ń lọ báyìí, ìyá àti ọmọ ni yóò bá a lọ. "Bàbá Happiness, ẹ̀yin ni ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yín ló lè gbọ́. Mò ń padà bọ̀ ní Sátidé pẹ̀lú ọkọ̀. Ẹ má jẹ́ kí n lọ lófo."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni Mabel wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Kò mú ìgbálẹ̀ dání. Ó jókòó sórí báńkù, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ikùn.

"Bàbá Happiness, ẹ̀yin náà ń gbọ́ ọ."

Kò bi mí, ńṣe ló sọ fún mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ bá mi yọ ariwo yẹn kúrò. Kí n gbọ́ ohun tó ń sọ lẹ́ẹ̀kan péré. Tí mo bá ti gbọ́ ọ, màá tẹ̀lé Ìyé."

Mo ní màá ṣe é. Ohun tí mi ò sọ fún un ni pé inú ariwo yẹn gan-an ni mo gbà pé ohùn náà wà. Ohun tí wáyà ń he lójú ọ̀nà ni, ìyókù sì jẹ́ ìbànújẹ́ àwa méjèèjì. Tí mo bá so wáyà méjì, tí ariwo pa ara rẹ̀ rẹ́, ohùn náà á bá a lọ. Kò ní gbọ́ nǹkan kan. Á sunkún, á jẹun, á lọ bímọ rẹ̀. Mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi pa ohùn àbúrò mi kí ìyàwó rẹ̀ lè yè, mo sì fẹ́ kó rò pé oore ni mo ṣe fún òun. Kí n sọ òótọ́ tó kù, èmi náà ń wá ìsinmi. Ó ti rẹ̀ mí láti máa jókòó nínú ìsìn kí n máa fi gbogbo ara gbọ́ ọ̀rọ̀ tí mi ò fẹ́ gbọ́.

Ní àárọ̀ Sátidé, mo gbé irinṣẹ́ mi lọ sí ilé àdúrà. Dámilọ́lá wá bá mi nítorí pé òun ló máa ta gìtá dán an wò. Mo tú ìdérí àpótí náà. Mo ti fi gọ́ọ̀mù dí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nígbà tí mo kàn án, síbẹ̀ omi wà lára ìdérí náà nínú, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan, bí ìdérí ìkòkò ọbẹ̀. Mo tọ́ ọ wò. Omi òkun ni.

Mo tú ọ̀rá tó wà lára tiransífọ́mà, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Godwin ló di kókó yẹn, kókó àwọ̀n tó máa ń dì sí ohun gbogbo. Mi ò tú u, mo fi ọ̀bẹ gé e. Mo fi òjé jó wáyà mọ́ ọn ní ẹsẹ̀ kìíní, ìkejì, ìkẹta, ìkẹrin. Gbogbo ìgbà tí irin gbígbóná bá kàn án ló ń ṣe ṣìì, tí èéfín funfun tó ní òórùn ẹja ń jáde. Mo yọ ibi tí wáyà àtijọ́ ń wọ̀ kúrò, mo fi èyí tó ní ojú mẹ́ta síbẹ̀, mo sì na wáyà tuntun náà gba ọ̀nà kan náà dé míksà.

"Sà," Dámilọ́lá wí, "gbogbo ohun tó bá wọlé lójú ọ̀nà ló máa lọ?"

"Gbogbo rẹ̀."

"Tí nǹkan kan bá ṣẹ́kù ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé kì í ṣe ojú ọ̀nà ló ti wọlé. Á jẹ́ pé inú àpótí ló ti bá ohùn gìtá jáde."

Ó mi orí bí akẹ́kọ̀ọ́. Èmi náà gbọ́ ọ̀rọ̀ tí mo sọ, mi ò sì fẹ́ ronú lé e.

Ohun tó kù ni irin inú omi. Pẹ̀lú wáyà tuntun yìí, a kò nílò rẹ̀ mọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí pákó, mo bẹ̀rẹ̀ sí fà á. Irin tó bá ti lo ọdún kan nínú omi iyọ̀ wa, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n ní irin mọ́. Ìpẹtà á jẹ ẹ́, ìkarahun wẹ́wẹ́ á bò ó. Èyí jáde, ó ń dán. Ó mọ́ bí ọwọ́ ìlẹ̀kùn tí ènìyàn ń dì mú lójoojúmọ́. Mo fi aṣọ wé e kí Dámilọ́lá má bàa rí i.

Ọkọ̀ Àrìnpé dé nígbà tí oòrùn wà lókè orí. Ó bá ọmọ rẹ̀ gòkè wá, ó mú abọ́ oúnjẹ kan tó fi aṣọ dì dání. Mabel jókòó sí àyè rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ sípíkà. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Mo tan jẹnẹrétọ̀, mo tan míksà, mo gbé ohùn sókè.

Kò sí hùùù. Àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọdún mélòó kan. Sípíkà náà dákẹ́ débi pé a ń gbọ́ omi tó ń lá òpó lábẹ́ wa. Mo mí kanlẹ̀. Mo wo Mabel, mo rí i pé ojú rẹ̀ ti ń yí padà, bí ojú ẹni tí wọ́n ń gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, àánú rẹ̀ ṣe mí. Ṣùgbọ́n mo ń sọ nínú mi pé ó ti tán, ó ti tán.

"Ta okùn kan," mo wí fún Dámilọ́lá.

Ó ta á. Ohùn gìtá jáde, ó mọ́ gaara, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ní ìdí rẹ̀, níbi tó yẹ kó ti dákẹ́, ni mo ti gbọ́ omi. Kì í ṣe omi abẹ́ ilé. Omi tó ń gbá ara ọkọ̀ ni, àti ariwo ènìyàn èbúté. Lẹ́yìn náà ni Godwin sọ̀rọ̀, kò jìnnà mọ́, bí ẹni tó dúró sáàárín wa.

"Bọ̀ọ̀dá, mo ti gbà á o. Ó kéré ju bí mo ṣe rò lọ. Ṣùgbọ́n Báyọ̀ ní omi ò dáa. Àwọn tó kù ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n ní àwọn á sun Igbókòdá. Ṣé kí èmi náà dúró di ọ̀la?"

Ó dákẹ́. Ó dúró. Ìdúró yẹn ni mo ti ń gbọ́ láti oṣù mẹ́ta.

Ohùn kejì sì dáhùn. Ohùn ọkùnrin tó ti rẹ̀ ni, tí inú ń bí díẹ̀, tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Máa bọ̀ jàre. Ọjọ́ Àìkú ti dé tán. Omi wo ni o ò tíì rí rí?"

Kò sí ẹni tí kò mọ ohùn náà nínú ilé yẹn. Dámilọ́lá pàápàá wojú mi. Ohùn mi ni.

Èyí ni ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, tí mi ò sì sọ fún ẹ̀yin náà láti òkè wá. Mo jẹ́wọ́ tiransífọ́mà, mo jẹ́wọ́ báàgì, mo fi ìpè yẹn pamọ́. Ó bi mí. Ọmọ tí mo tọ́ bi mí, mo sì ní kó máa bọ̀.

Mo rò pé ibẹ̀ ni yóò parí sí, nítorí ibẹ̀ ni mo ti pa fóònù lọ́jọ́ náà. Kò parí. Ohun tó tẹ̀lé e, mi ò gbọ́ ọ rí, kò sì sí bí mo ṣe lè gbọ́ ọ.

"Bọ̀ọ̀dá mi ní ká máa bọ̀," Godwin wí.

"Ṣé ó rí omi yìí ṣá?" Ohùn Báyọ̀ nìyẹn.

"Ó mọ omi jù wá lọ. Jẹ́ ká lọ."

Wọ́n fa ẹ́ńjìnnì, ó kọ̀, wọ́n tún fà á, ó dáhùn.

Mo sáré lọ sí ìdí míksà láti fa wáyà yọ. Mabel kò gbójú sókè. "Ẹ fi sílẹ̀," ó wí. Mo fi sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni a jókòó, àwa mẹ́rin, ní ọ̀sán gangan, a ń gbọ́ ọkọ̀ kan tó ń bọ̀ láti Igbókòdá. Dámilọ́lá ti gbé gìtá sílẹ̀, kò sí ẹni tó fọwọ́ kan okùn, síbẹ̀ kò dákẹ́. Ẹ́ńjìnnì ń dún, omi ń gbá igi ọkọ̀. Nígbà mìíràn Godwin á kọ orin ìjọ díẹ̀ lábẹ́ èémí, á gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àrìnpé ti ká ọwọ́ lérí. Mabel ń mọ ibi tí wọ́n dé. "Wọ́n ti wọ abẹ́ igi," á wí nígbà tí ohùn bá há. "Wọ́n ti jáde." Bí ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ náà ló ṣe ń sọ ọ́. Mi ò mọ iye ìṣẹ́jú tó gbà wá. Mo mọ̀ pé mo gbàdúrà kí ẹ́ńjìnnì náà kú, kí wọ́n yà sí abúlé kan, kí Báyọ̀ ṣe agídí kó yí padà. Mo ń gbàdúrà fún ohun tó ti kọjá.

Nígbà tó yá, ohùn omi fẹ̀. Ìgbì bẹ̀rẹ̀ sí gbá wọn látẹ̀gbẹ́. Godwin dá orin dúró.

Mabel dìde. Ó rìn dé ọ̀dọ̀ mi, ó na ọwọ́ kọjá lára mi, ó fa wáyà náà yọ.

Ilé dákẹ́. Kò sunkún. Ó dúró níbẹ̀ pẹ̀lú wáyà lọ́wọ́.

"Kí ló lọ gbà?"

Mo nawọ́ sí àpótí náà. "Ohun kékeré kan tó wà nínú rẹ̀."

"Ẹ ní okùn àwọ̀n."

"Mo parọ́."

Ó mi orí. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀. "Ìyé, ebi ń pa mí."

Àrìnpé tú abọ́ tó mú wá, ó gbé e síwájú rẹ̀. Mabel jókòó sílẹ̀, ó jẹun níwájú mi, ó jẹ ẹ́ tán, ó fi omi ṣan ọwọ́. Ìgbà náà ló tó sọ̀rọ̀.

"Bàbá Happiness, ẹ̀yin ni ẹ̀gbọ́n bàbá ọma yìí, ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́ lórúkọ. Kò sí ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dá orúkọ rẹ̀, ẹ máa dúró láàárín ilé wa ní Molútẹ̀hìn, ẹ máa sọ bí bàbá rẹ̀ ṣe kú. Gbogbo rẹ̀, látẹnu yín. Mi ò ní bá yín sọ ọ́."

Mo ní mo gbọ́. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sínú ọkọ̀. Mabel kẹ̀yìn sí mi, kò sì bojú wẹ̀yìn.

Ó ti bímọ o. Ọkùnrin ni, wọ́n ní ó tóbi, ara ìyá rẹ̀ náà sì yá. Àrìnpé pè mí lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, ó pè mí lọ́jọ́ kẹje, ó tún pè mí lọ́jọ́ kẹjọ nígbà tí ilé kún tí wọ́n ń retí mi. Láti ìgbà náà kò pè mọ́. Ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan mo máa ń wọ aṣọ mi, mo máa ń dé etí omi, ọlọ́kọ̀ á bi mí pé ṣé mò ń lọ. Mo máa ń wo omi náà, tó tẹ́jú títí dé òpin ojú, màá sì sọ fún un pé kò dára tó.

Ọmọ náà pé ogójì ọjọ́ lánàá. Kò tíì ní orúkọ.